Òdo Lórí Ìwé Démi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta 2025

Òdo. Láti Ajé tó kọjá títí di òní, òdo ni. Démi ò wólẹ̀ lójú mi rárá. Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá lójúmọ́ ni mo máa ń kà. Ọ̀gá Kékeré fi gráàfù náà hàn mí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀: ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀, ń sọ̀ kalẹ̀, ó wá tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ fún mi. "Toyin, beautiful work." Inú mi dùn, kí n má parọ́ fún ìwé ara mi.

Christina lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àbúrò mi ìkẹyìn jù ú lọ. Àmọ́ òun ló ní láísẹ́ńsì, òun ló ń fọwọ́ sí gbogbo ohun tí mo bá kọ nípa àwọn ọmọ tá a ń tọ́jú. Níbí nìkan ni mo ti ń pè é ní Ọ̀gá Kékeré. Kò mọ̀, kó má sì mọ̀.

Démi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Autism ni tiẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀; ìwà irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ niṣẹ́ wa, ká máa kà á, ká máa tún un ṣe. Inú àdúgbò Co-op City kan náà la jọ ń gbé, ilé mẹ́ta sí tèmi. Mo máa ń fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, mo máa ń kúrò ní márùn-ún ààbọ̀.

Bàbá Ariwo pè láti Flatbush. (Bọ̀dá Sànmí. Olúsànmí. Tó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣe ni kéèyàn gbé e jìnnà sí etí.) Ó ní ọjọ́ ti dé: kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní láísẹ́ńsì máa jókòó ní Manhattan láti gbọ́ tẹnu aráàlú. Ìwé-ẹ̀rí wo ló yẹ kó sọ ènìyàn di oníláísẹ́ńsì nínú iṣẹ́ wa? Títí di òní, Ìwé Àgbà nìkan, ti ẹgbẹ́ ńlá, ni wọ́n mọ̀. Ìwé Àbúrò tí èmi àti Bàbá Ariwo ní — ẹgbẹ́ kékeré ló ń fún ni, a kàwé fún un, a ṣe ìdánwò, a yege — kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn. Èmi ò sì lè sáré lọ gba Ìwé Àgbà. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ka mástà mi, wọn ò ka kíláàsì ibẹ̀ sí. Kí n tó lè jókòó síbi ìdánwò wọn, àfi kí n tún ọdún méjì kà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àwọn ẹlòmíì.

Bí wọ́n bá gba Ìwé Àbúrò wọlé, èmi náà á di oníláísẹ́ńsì kí ọdún yìí tó parí. Mi ò ní máa dúró de ìfọwọ́sí ọmọdé mọ́. Mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ débi pé ó ń ro mí nínú egungun.

Ó ní kí n wá sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ní màá wá.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Lẹ́ńtì ti wọlé. Mo ti ilé ìjọsìn kọjá sílé Démi pẹ̀lú eérú níwájú orí. Démi fi ìka kàn án, ó lá a, ó rojú. Mo rẹ́rìn-ín títí.

Òdo.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Màmá wà nílé lónìí. Ìyá ìyá Démi ni wọ́n, àwọn ló bí Lará, ìyá rẹ̀. Ìyá arúgbó kan ni wọ́n máa ń lọ tọ́jú ní Riverdale, mo ti máa ń lọ kí wọ́n tó dé. Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n, ni wọ́n fi jókòó sílé.

Wọ́n po tíì fún mi, tíì tó nípọn, mílíìkì rẹpẹtẹ. Démi gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá sí yàrá ìdáná, ó dúró ṣánṣán, ó juwọ́ sí wa bá a ṣe kọ́ ọ, ó kọjá. Mo ní "Good standing, Démi!" Màmá tẹ̀lé e lójú títí ó fi wọlé. Wọ́n wá sọ̀rọ̀, wọn ò wò mí.

"Tóyìn, kí ni mo ṣe fún ọmọ yìí?"

Mo ní ah-ah, Màmá, kí lẹ rí?

Wọ́n ní, "Kò kí mi mọ́."

Wọ́n sọ ọ́ fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Pé ọdún méjì gbáko ló gbà wọ́n. Láràárọ̀, lẹ́nu ọ̀nà, kí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tó dé, wọ́n á gbé ọwọ́ lé Démi léjìká, wọ́n á rọra tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n á bá a sọ "ẹ káàárọ̀, Màmá" tí kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ. Wọ́n ní ọmọ tí kò lẹ́nu, kó yáa fi orúnkún kí ènìyàn. Àwọn aládùúgbò ń wò wọ́n, Màmá ò dá wọn lóhùn. Ó wá di Ajé Ọjọ́ Àjíǹde, ọdún kejì sí èyí, Màmá ti ibi iṣẹ́ dé, wọn ò tíì bọ́ bàtà, Démi sáré jáde láti yàrá, ó kúnlẹ̀ lórúnkún méjèèjì. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Màmá ní àwọn wọ ilé ìwẹ̀ lọ, àwọn ti ilẹ̀kùn, àwọn sunkún.

"Nígbà tẹ́ ẹ ní ká máa gbójú kúrò, mo gbójú kúrò. Á kúnlẹ̀ síwájú mi, á máa wo ojú mi, èmi á máa wo fèrèsé. Mo mọ̀ pé kíkí ló ń kí mi. Mo ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ mọ ìdí tó fi gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Àbí ó ń bínú sí mi ni?"

Mo ní rárá o, Màmá, kò bínú sí yín.

Tíì náà ti tutù. Mo mu ún tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Mi ò lè kọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta

Màá kọ ọ́. Bí mi ò bá lè kọ ọ́ síbí, ibo ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí?

Mo mọ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni mo ti mọ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Lóṣù Kọkànlá, Lará ń mú Démi lọ síbi bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Bí wọ́n ṣe ń sọdá títì, bàbá àgbàlagbà kan ń bọ̀ níwájú wọn. Démi já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sáàárín títì. Mọ́tò kan tẹ búréèkì. Lará ní ìbú ọwọ́ kan ló kù kí mọ́tò náà débi orí ọmọ náà. Nọ́ọ̀sì ni Lará, ó ti rí ẹ̀jẹ̀ nílé iṣẹ́, àmọ́ èyí kọjá agbára rẹ̀. Ó bẹ ilé-iṣẹ́ wa pé ká bá òun fi òpin sí i, ohun yòówù kó gbà. Kò sí ìyá tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Christina wá. Ó fi ọjọ́ méjì wo ọmọ náà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí iṣẹ́ wa ṣe ní ká máa kọ ọ́, kí ẹni méjì má baà ka ohun kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: *wíwólẹ̀ — gbogbo ìgbà tí orúnkún bá kan ilẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.* Ó ní torí kí àgbàlagbà lè wò ó ló ṣe ń ṣe é. Nítorí náà, tó bá ti wólẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wò ó, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Tó bá dúró, tó juwọ́, ẹ yìn ín, ẹ fún un ní ìpékeré tó fẹ́ràn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí báyìí, ọmọ náà lọ sílẹ̀. Orúnkún méjèèjì, orí títẹ̀ba, ọwọ́ lórí itan. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ara mi mọ̀ kí orí mi tó mọ̀. Mo ti yanu láti sọ pé "pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, wàá dàgbà." Mo wá rí Christina lórí àga pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Mo pa ẹnu mi dé. Ẹ̀rọ kékeré tá a fi ń ka nǹkan wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹyọ kan.

Kí ló dé tí mi ò sọ? Mo ti ń bi ara mi láti ọjọ́ Ẹtì. Ọdún tó kọjá, nílé ọmọ míì, mo sọ pé ohun tí ìyá ọmọ náà ń ṣe, bí nǹkan ṣe rí nílé wa nìyẹn, kì í ṣe àìbìkítà. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ mi pé mò ń fi èrò ara mi rọ́pò ohun tí ojú rí. Ó pè é ní àìpé ẹ̀kọ́. Ó ní bóyá irú ìwé-ẹ̀rí tí mo ní ló fà á. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo wá búra nínú ara mi pé kò sí ẹni tó máa tún rí ìyẹn sọ sí mi. Màá fi hàn wọ́n pé oníwèé àbúrò náà lè ka nǹkan bó ṣe yẹ kí wọ́n kà á. Kò sí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nílé-iṣẹ́ wa tí ìwé rẹ̀ mọ́ tó tèmi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Ìkúnlẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń kà bí ẹni ń ka ìwà ọ̀bàyéjẹ́.

Èyí tó burú jù nìyí. Christina ò lè sọ Yorùbá, ó ní kí n bá òun ṣàlàyé fún Màmá. Mo jókòó tì wọ́n nínú yàrá ìdáná yẹn gan-an. Mo ní, "Màmá, tó bá ti ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má wò ó, ẹ má dá a lóhùn." Mi ò dárúkọ ìkúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ rẹ̀, wọ́n á bi mí léèrè, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n bi mí.

Ohun tó yẹ kí n sọ ò pọ̀. Christina, kíkí ni ọmọ yìí ń kí ènìyàn, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ níbi tó ti yẹ àti ibi tí kò yẹ. Nínú ilé, kúnlẹ̀. Lójú títì, juwọ́. Ó gbọ́n, ì bá ti mọ̀ ọ́n kó tó di Kérésì. Kò ní sí mọ́tò kankan, Màmá náà ò sì ní pàdánù ohun kan ṣoṣo tí ọmọ náà fi ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ó mà ṣe o, Tóyìn. Ó mà ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta

Mo sọ ọ́ fún Bàbá Ariwo, gbogbo rẹ̀.   Ó wá bú sí i lójijì: "Ọlọ́run ló gbé e lé wa lọ́wọ́!"

Ó ní ìtàn yìí ló máa gbà wá. Ẹ wá wo ohun tí oníwèé àgbà ṣe nílé ọmọ Yorùbá. Ẹ wá wo ìdí tí àwa náà fi gbọ́dọ̀ wọlé. Mo ní Bọ̀dá Sànmí, èmi ni mo kà á o. Ó ní, "Ta ló fọwọ́ sí i? Ẹni tó fọwọ́ sí i ló ni ín. Wọ́n rán ẹ níṣẹ́ ni, o jẹ́ ẹ."

Ó dùn létí. Mo fi gbogbo ọ̀sán yí i po lọ́kàn bí adùn ẹnu.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Mo gbé ọwọ́ lé Démi léjìká bí Màmá ṣe júwe. Ó le gbagidi. Ó yọ ejìká rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ mi, ó juwọ́ sí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Bàbá Ariwo wá láti Flatbush lẹ́yìn ìsìn, ọkọ̀ ojú irin méjì àti bọ́ọ̀sì kan. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ tí màá sọ sílẹ̀, ojú-ìwé méjì, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà dára. Ó máa pa ènìyàn lẹ́kún. Màmá wà níbẹ̀, ọmọ náà wà níbẹ̀, gráàfù wà níbẹ̀, Christina wà níbẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Mo wá ara mi títí nínú rẹ̀, mi ò rí mi.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò pariwo. Ó ní, "Sister Tóyìn, kì í ṣe tìẹ nìkan. Àwa mẹ́tàlélógún la wà nínú ẹ̀. Muhideen ńkọ́?" Mo mọ Muhideen. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi kọ́ àwọn ọmọ aláìlera n'Íbàdàn, Ìwé Àbúrò ló ní bíi tèmi, ẹnu ọ̀nà ilé kan ló ń ṣọ́ ní Park Hill báyìí. Ó ti ní káàdì tó tẹ orúkọ rẹ̀ sí pẹ̀lú àyè òfìfo níbi tí láísẹ́ńsì máa wà. Ó fi hàn mí nígbà kan, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo gba ojú-ìwé méjì náà. Mo sin Bàbá Ariwo dé ibi bọ́ọ̀sì. Òtútù mú.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta

Mo sọ fún Christina. Nínú ọ́fíìsì rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn.

Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó wá funfun. Ó ṣí gráàfù Démi, ó ń wo ìlà tó pàtẹ́wọ́ fún mi lé lórí. Ó ní bí mo bá ti sọ fún òun lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ kan péré ni òun ì bá fi yí i padà. Ọjọ́ kan! Ó wá bi mí pé ṣé ẹ̀rù òun ló ń bà mí ni. Mo wo ọmọdé yìí, ìwé kíláàsì rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Omi lé ròrò lójú rẹ̀, kò jẹ́ kó já.

Mo ti fi oṣù mẹ́rin gbà pé tí mo bá sọ ọ́, á bú mi. Kò bú mi. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ó ní láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má gbójú kúrò lára Démi mọ́. Ó ní àwa méjèèjì la jọ máa sọ fún Lará. Iṣẹ́ ló há Lará mọ́ra lọ́sẹ̀ méjì yìí, ọjọ́ Ẹtì kejìdínlọ́gbọ̀n ló ráyè. Nígbà tí mo ń jáde, ó sọ fún mi pé òun náà máa sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Ìwé Àgbà nìkan lòun fara mọ́. Ó ní òun ò fẹ́ kí n kàn ṣàdédé rí òun níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta

Lará rí mi ní ẹnu ẹ̀rọ agbéniròkè. Ó gbá mi mọ́ra. Ó ní òun gbọ́ pé màá sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, òun máa wò mí lórí fóònù lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo nọ́ọ̀sì yàrá òun máa bá òun wò ó. Ó ní kò sí ẹni tó yẹ kó gba láísẹ́ńsì bíi tèmi.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ fún un. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà ṣí, ó wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi títí ó fi pa dé.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹta

Mo wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ tààrà sí Manhattan. Aṣọ dúdú. Ojú-ìwé méjì Bàbá Ariwo nínú báàgì.

Yàrá náà gbóná. Àwọn ìgbìmọ̀ mẹ́fà jókòó sórí pèpéle, omi níwájú wọn. Aago pupa kan wà lára ògiri tó ń ka ìṣẹ́jú mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n pe Christina ṣáájú mi. Ó ní ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ò lè fi ẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni. Ó ní ìdí nìyẹn tí ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ yìí fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ dáadáa. Òótọ́ ló sọ. Bàbá Ariwo tẹ̀ lé e. Ó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn, àwọn tí ọ̀nà wọn rọrùn nìkan ló ń gbà á, àwọn ọmọ wa sì wà nínú ilé láìsí ẹni tó gbọ́ èdè ìyá wọn. Òun náà, òótọ́ ló sọ. 

Wọ́n pè mí.

Mo ka ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ bó ṣe kọ ọ́. Nígbà tí mo débi tí wọ́n ti ka ìkúnlẹ̀ ọmọ náà sí ìwà burúkú, mi ò kà á mọ́. Mo pa ìwé náà dé. Mo sọ fún wọn pé èmi ni. Èmi ni mo kà á. Pé wọ́n bí mi sínú àṣà yẹn, mo mọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe, mo sì tẹ ẹ̀rọ. Pé èmi ni mo sọ fún ìyá àgbà rẹ̀ ní èdè tiwọn pé kí wọ́n gbójú kúrò.

 Obìnrin kan lórí pèpéle, irun rẹ̀ funfun báláú, bi mí pé nínú ìdánwò méjèèjì yìí, èwo ni ì bá ti jẹ́ kí irú èyí má ṣẹlẹ̀? Mo ní kò sí. Mo ní kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n ka ìwé mi sí ìwé, ni mo fi dákẹ́.

Ó ní ṣé kí wọ́n wá gba ìwé náà àbí kí wọ́n má gbà á? Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n gbà á. Mo ṣì ní kí wọ́n gbà á. Mo ní kí wọ́n tún bi àwọn tó ń fọwọ́ sí iṣẹ́ wa bóyá a lè bá wọn jiyàn láìbẹ̀rù, torí kò sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni bi mí bẹ́ẹ̀. Aago dún.

Bàbá Ariwo dúró dè mí lórí àtẹ̀gùn. Kò pariwo rárá. Ó ní, "O ti pa wá, Tóyìn." Kò pè mí ní Sister.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹta

Lará ti rí i. Òun àti gbogbo nọ́ọ̀sì yàrá rẹ̀.

Christina bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Lará ní kó dúró ná. Èmi ló kọjú sí. Ó ní ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti bí òun, ìyá òun kọ́ òun náà ní ìkúnlẹ̀, òun gbé e jù sẹ́yìn nígbà tóun wọ ilé-ìwé gíga. Ó ní nígbà tí Démi ń ṣe é, ọkàn òun ń sọ nǹkan kan, òun pa á lẹ́nu mọ́, òun ní bó bá ṣe pàtàkì ni, Àǹtí Tóyìn á sọ. "You were the Yoruba one," ló wí. "Ìwọ ni Yorùbá inú wọn. Mo fọkàn tán ẹ ju ara mi lọ."

 Màmá wà nínú yàrá wọn. Wọn ò jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹrin

Íméèlì méjì. Ìgbìmọ̀ ti sún ọ̀rọ̀ Ìwé Àbúrò síwájú di oṣù Kẹsàn-án, nítorí àwọn ìbéèrè tó jẹ yọ. Ilé-iṣẹ́ ti mú mi kúrò lọ́dọ̀ Démi, ìyá rẹ̀ ló béèrè fún un.

Bàbá Ariwo ti yọ mí kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹrin

Muhideen fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní òun ò ní sọ pé kò dun òun. Ó kí mi kú ìrọ́jú. Mo ń gbọ́ ìró ilẹ̀kùn tó ń ṣọ́ ń ṣí, ń pa dé. Ó ní bó bá jẹ́ òun ló wà níwájú ìgbìmọ̀, òun ì bá má lè sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹrin

Màmá pè mí. Ohùn wọn gbẹ. "Wá lọ́la, tó o bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Má mú ìwé kankan dání."

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹrin

Lará ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní "wọlé," ó padà sí yàrá rẹ̀.

Màmá jókòó sí pálọ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn lẹ́nu ara mi, títí kan ọjọ́ tí mo jókòó tì wọ́n ní yàrá ìdáná tí mo wá ọ̀rọ̀ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n bi mí léèrè. Wọn ò tètè ní kí n dìde. Ilẹ̀ onípákó ni, orúnkún ń ro mí, mo sì dúpẹ́ pé ó ń ro mí.

Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Dìde. Mi ò pè ọ́ torí ẹ̀bẹ̀."

Wọ́n ní àwọn ti tún bẹ̀rẹ̀. Láti Ajé tó kọjá, lẹ́nu ọ̀nà, kí bọ́ọ̀sì tó dé. "Ọdún méjì ló gbà mí níjọ́sí. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Èmi nìkan ò tó o mọ́, àfi kó rí àgbà míì tó máa kí. Ìwọ ni kó o máa wá dúró síwájú ẹ̀. Gbèsè ni, o jẹ ẹ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

Wọ́n pe Démi. Ó jáde wá nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo dúró síbi tí wọ́n ní kí n dúró sí. Màmá gbé ọwọ́ lé e léjìká, wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́. "Ẹ káàsán, Àǹtí," wọ́n ń bá a sọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò le. Mo rí orúnkún rẹ̀ tó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń lọ sílẹ̀. Ó ń lọ sílẹ̀ lóòótọ́! 

Ó débi àárín, ó dúró. Ó gbójú sókè. Ọmọ tí kì í wo ojú ènìyàn, ó tẹjú mọ́ mi, kò ṣẹ́jú. Ó ń wò ó bóyá màá gbójú kúrò.

Mi ò gbójú kúrò. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo rí ẹ. Mò ń wò ẹ́." Omi ń dà lójú mi, mi ò nù ún, kó má baà rò pé mo bojú.

Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró ṣánṣán, ó juwọ́ sí mi bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó ṣe é dáadáa. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.